Ta Ni Ó Sọ Pé Òtútù Kì Í Mú Ọmọ Ìbàdàn?

Ẹ̀yin olólùfẹ́ èdè Yorùbá, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ àti ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń bá wa kẹ́gbẹ́ níbí, mo kí yín o. Ẹ kú ọyẹ́. Ẹ kú òtútù òwúrọ̀. Kí ẹ má ṣe rò pé ìkíni lásán ni mo fi ṣí ọ̀rọ̀ mi. Inú ìkíni yìí gan-an ni apá kan ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò wà, n óò sì padà sí i láìpẹ́.

Ọ̀rọ̀ súwẹ́tà ni mo gbé wá lónìí, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní kádígàn, tí àwọn ìyá ọlọ́jà ní Ọjà'ba sì ń pè ní aṣọ òtútù. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín yóò máa bi ara wọn léèrè pé kí ni súwẹ́tà wá ṣe níbi tí a ti ń sọ̀rọ̀ àṣà Yorùbá. Ẹ fún mi láyè kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí ojú mi rí.

Agbo ilé wa wà ní Bẹyẹrunkà, láàárín àwọn ilé àtijọ́ tí òrùlé páànù wọn ti dípẹtà tipẹ́tipẹ́. Ní ọyẹ́ tí ó kọjá, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Ṣẹ́rẹ́, eruku bo ojú ọ̀run débi pé ẹni tí ó dúró ní ẹnu ọ̀nà wa kò lè rí òkè Máàpó. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, ń múra ilé ìwé. Ìyá rẹ̀ wọ súwẹ́tà pupa kan fún un lórí aṣọ ilé ìwé, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, ó sì padà sí ẹ̀yìnkùlé lọ gbé omi kaná. Bí ọmọ náà ti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí ó kúnlẹ̀ láti kí Bàbá Àgbà, ẹ̀rín ni bàbá fi dá a lóhùn.

“Háà! Ìyàwó mi ti di ará Lọ́ńdọ̀nù! Ṣé yìnyín ti ń bọ́ ní Máàpó ni? Bọ́ ọ, jàre. Ọmọ Ìbàdàn kì í wọ aṣọ Òyìnbó nítorí afẹ́fẹ́ lásán.”

Àwọn àgbà tí wọ́n jókòó ti bàbá náà rẹ́rìn-ín. Ojú ti ọmọ. Ó bọ́ súwẹ́tà, ó kì í bọ inú àpò ìwé rẹ̀. Nígbà tí òtútù mú un tán nílé ìwé tí ó fa súwẹ́tà náà yọ kí ó wọ̀ ọ́, olùkọ́ ní àwọ̀ rẹ̀ kò bá ti aṣọ ilé ìwé mu, ó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ títí di ìgbà tí wọ́n jáde.

Ọmọ tí mo ń sọ yìí, fòníkú-fọ̀ladìde ni a bí mọ́ ọn. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú tán ni ẹsẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Kí ó tó di aago 11 alẹ́, ẹ̀yìn, apá àti àyà ti dara pọ̀ mọ́ ọn. Igbe tí ọmọ náà ké ní òru yẹn, n kò fẹ́ gbọ́ irú rẹ̀ mọ́ láéláé. Ọkọ̀ Máíkírà kan ni Ọlọ́run fi ta wá lọ́rẹ ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀, ọjọ́ 5 ni ọmọ náà sì lò ní ilé ìwòsàn. Ara rẹ̀ ti yá báyìí, ọpẹ́ ni fún Olúwa.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìkà ni Bàbá Àgbà. Òun ni ó kọ́kọ́ kó owó sílẹ̀ ní òru náà, òun náà ni ó sì jókòó ti ọmọ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò lè gbàgbé, òun ni ó sì mú mi kọ ohun tí ẹ ń kà yìí. Ní òwúrọ̀ tí bàbá ń fi súwẹ́tà ṣe yẹ̀yẹ́, kíjìpá nípọnnípọn kan ni ó dà bo èjìká rẹ̀ méjèèjì. Fìlà abetí-ajá ni ó dé, ó sì ti fa etí fìlà náà wálẹ̀ bo etí tirẹ̀. Ìkòkò iná èédú wà níwájú rẹ̀ tí ó ń yá. Bàbá ti wọ súwẹ́tà tirẹ̀ tán, ó wá ń bú ti ọmọdé.

Ohun tí mo ń sọ kò ju báyìí lọ: láti ayébáyé ni Yorùbá ti ń wọṣọ de òtútù. Súwẹ́tà kàn jẹ́ àbíkẹ́yìn nínú ìdílé aṣọ bẹ́ẹ̀ ni. Ẹni tí ó bá pè é ní àfarawé Òyìnbó kò mọ ìtàn aṣọ baba tirẹ̀, kò sì tẹ́tí sí èdè tí òun fúnra rẹ̀ ń fi ẹnu sọ. Àìmọ̀ yìí kì í ṣe ohun ẹ̀rín, nítorí pé àwọn ọmọ kan ni wọ́n ń fi ara san gbèsè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sí ìkíni. Yorùbá kì í kí ara wọn kú ohun tí kò sí. A ń kí ara wa kú òjò, a ń kí ara wa kú oòrùn, a sì ń kí ara wa kú ọyẹ́. Nígbà tí òjò bá rọ̀ mọ́jú tí ilẹ̀ rin, tí oòrùn kò sì yọ, a ó tún ní ẹ kú ọ̀gìnnìtìn. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ ṣàkíyèsí pé ọyẹ́ kì í ṣe ọ̀gìnnìtìn. Òtútù gbígbẹ tí ó ń bá afẹ́fẹ́ àti eruku rìn ni ọyẹ́. Òtútù olómi tí ó ń wọ eegun ni ọ̀gìnnìtìn. Òtútù sì ni orúkọ tí ó kó gbogbo wọn pọ̀. Èdè tí àwọn tí ń sọ ọ́ kò mọ òtútù kò ní fi irú ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ sí i.

Ẹ tún wo bí a ṣe ń to gbólóhùn rẹ̀. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, ènìyàn fúnra rẹ̀ ni ó ń sọ pé òun tutù. Àwa kò sọ bẹ́ẹ̀. Òtútù ni ó ń mú wa, gẹ́gẹ́ bí ọlọ́pàá ti ń mú olè. Ebi ni ó ń pa wá, òùngbẹ ni ó ń gbẹ wá. Ti ọyẹ́ tilẹ̀ tún le ju èyí lọ, nítorí pé a máa ń sọ pé ọyẹ́ ń jà. Ṣàngó ń jà, ìjì ń jà, ọyẹ́ ń jà. Àwọn baba wa ti rí i pé ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n. Ta ni ó wá ń jáde lọ bá ẹni tí ń jà ní ìhòòhò? Ẹni tí ó ní òtútù kò sí nílẹ̀ Yorùbá, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ pa gbólóhùn wọ̀nyí rẹ́ nínú èdè wa ná.

Mo ti gbọ́ èsì àwọn tí wọ́n ti gbé òkè òkun rí. Wọn a ní, “Ìwọ̀n 18 ni ẹ ń pè ní òtútù? Ẹ wá wo Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, níbi tí ó ti ń wà ní 5.” Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ara ènìyàn kì í ka nọ́ḿbà. Ìyàtọ̀ ni ara ń mọ̀. Láti aginjù Sàhárà ni afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń bọ̀, púpọ̀ nínú eruku rẹ̀ sì ń ti inú àfonífojì Bodélé ní ilẹ̀ Ṣáàdì wá, níbi tí adágún omi ńlá kan ti gbẹ láti ìgbà láéláé. Nítorí pé afẹ́fẹ́ yìí gbẹ, ooru tí ilẹ̀ gbà lọ́sàn-án kì í dúró lóru. Nítorí náà ni ìwọ̀n ooru fi lè ju 32 lọ ní ọ̀sán ní Ọjà'ba, kí ó sì já wálẹ̀ sí nǹkan bí 18 kí ilẹ̀ tó mọ́. Ara tí ó làágùn ní aago 3 ọ̀sán ni ó ń gbọ̀n ní aago 5 ìdájí. Ara Lọ́ńdọ̀nù ti múra sílẹ̀ láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ilé rẹ̀ ní ẹ̀rọ amúlégbóná, fèrèsé rẹ̀ sì dé pinpin. Ní Bẹyẹrunkà, afẹ́fẹ́ a máa gba abẹ́ páànù wọlé, a sì máa gba ẹnu ọ̀nà jáde. Ta ni òtútù ń mú jù nínú àwọn méjèèjì?

Àwọn ìyá wa kò dúró de ẹni tí yóò fi nọ́ḿbà hàn wọ́n. Bí ọyẹ́ bá ti yọjú, wọn a fi òrí pa ètè àti gìgísẹ̀ ọmọ, wọn a fi àdí pa á lára, wọn a sì fi ìborùn wé e kí wọ́n tó pọ̀n ọ́n. Kò sí ẹni tí ó bú òrí pé ó ń ṣe bí Òyìnbó.

Mo ti dárúkọ kíjìpá. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí rẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin ọ̀dọ́ kò rí i rí. Òwú tí a fi ọwọ́ ran ni a fi ń hun ún. Àwọn obìnrin ni wọ́n ń hun ún, lórí òfì tí ó dúró ṣánṣán mọ́ ògiri, nínú ilé tàbí ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Aṣọ fífẹ̀ ni, ó wúwo, kò tètè gbó. Òun ni a ń ró, òun ni a ń dà bora, òun náà ni a ń fi sùn. Òwe àwọn àgbà ní kíjìpá ni aṣọ ọ̀lẹ, òfì ni aṣọ àgbà, àti pé àgbà tí kò bá ní òfì, kí ó rọ́jú ra kíjìpá. Àwọn ènìyàn a máa ka òwe yìí bí ìwọ̀sí sí kíjìpá. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé àgbà kò gbọdọ̀ wà láìní aṣọ tí ó nípọn. Bí apá rẹ̀ kò bá ká ti ọlá, kí ó ra ti iṣẹ́.

Òfì tí òwe náà ń wí ni àwọn ọkùnrin ń hun ní tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, tí a wá ń rán pọ̀ di aṣọ ńlá. Sányán, àlàárì àti ẹtù ni àwọn àgbà rẹ̀, títí di òní sì ni a ń ná an ní ọjà Òjé. Ẹni tí ó bá ti wọ agbádá ẹtù ní ọ̀sán oṣù Ẹrẹ́nà yóò jẹ́rìí pé kì í ṣe oòrùn ni a hun ún fún! Samuel Johnson, ẹni tí ó gbé ní Ìbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tí a tẹ̀ jáde ní 1921, ka àwọn ẹ̀wù ọkùnrin sílẹ̀: gbárìyẹ̀, sùlíyà, agbádá, dàńdógó. Ẹ wo bí dàńdógó ti tóbi tó. Kì í ṣe ọlá nìkan ni a fi ń wọ aṣọ tí ó gba gbogbo afẹ́fẹ́ gbígbóná ara mọ́ra bẹ́ẹ̀. Àti fìlà abetí-ajá, kí ni a fi etí rẹ̀ ṣe? Lóde òní, a máa ń na etí náà sókè fún ẹwà. Ní òwúrọ̀ ọyẹ́, a máa ń fà á wálẹ̀ bo etí. Fìlà òtútù ni, ó kàn jẹ́ pé orúkọ rẹ̀ lẹ́wà.

Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ààrẹ Látòósà kú sí ibùdó ogun ní 1885 láìrí òpin rẹ̀, ó sì di 1893 kí àwọn ọmọ ogun tó tú ká pátápátá. Ẹ ka iye ọyẹ́ tí ó jà lórí àwọn òkè Igbájọ ní gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, kí ẹ tó wá sọ fún mi pé akíkanjú Ìbàdàn kì í mọ ìwúlò aṣọ nípọnnípọn.

Àwọn kan yóò gbà fún mi títí dé ibí yìí, wọn a wá ní, “Ó dára. Kí ọmọ náà wọ kíjìpá, nítorí pé tiwa ni. Súwẹ́tà kì í ṣe tiwa.” Ọ̀rọ̀ àwọn wọ̀nyí ni ó ń bí mi nínú jù, nítorí pé ohùn olùfẹ́ àṣà ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Mo fẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́.

Òótọ́ ni pé súwẹ́tà ti òkè òkun wá. Àwọn apẹja ní erékùṣù Jersey àti Guernsey, ní etí òkun ilẹ̀ Faransé, ti mọ̀ ọ́n tipẹ́. Kádígàn gba orúkọ lára ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì kan, Earl of Cardigan keje, tí ó ṣáájú àwọn ẹlẹ́ṣin nínú ìjà Balaclava ní ọjọ́ 25 oṣù Ọ̀wàrà, 1854. Kódà orúkọ ìlú Balaclava yẹn náà di orúkọ fìlà òtútù tí ó ń bo gbogbo orí. Ogun àti òtútù ni ó bí wọn. Ẹ kò rí i pé abetí-ajá àti fìlà Balaclava lè jókòó pọ̀ bí ọmọ ìyá?

Ṣùgbọ́n bí a bá ní kí a lé gbogbo ohun tí ó ti òkè òkun wá kúrò, kí ni yóò kù sí ara àwọn olùfẹ́ àṣà wọ̀nyí ní ọjọ́ Sátidé? Léèsì tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí òde ìnáwó, ọ̀pọ̀ rẹ̀ tí ó gbajúmọ̀ láti nǹkan bí ọdún 1960 sí òkè, láti ìlú Lustenau ní ilẹ̀ Austria ni a ti ń kó o wá. Ànkárá tí a fi ń ṣe aṣọ ẹbí, ilé iṣẹ́ kan ní Helmond, ní ilẹ̀ àwọn Dọ́ọ̀ṣì, ti ń tẹ irú rẹ̀ láti 1846. Kò sí ẹni tí ó dúró sí ẹnu ọ̀nà gbọ̀ngàn ìnáwó tí ó ń béèrè pé, “Ṣé ẹ ti di ará Austria ni?” Aṣọ tí a fi ń ṣe fáàrí kò ní ìlú. Aṣọ tí a fi ń dáàbò bo ọmọ nìkan ni ó ń nílò ìwé ìrìnnà.

Ẹ sì jẹ́ kí n mú àpẹẹrẹ tí ó súnmọ́ wa jù lọ wá. Máàpó tí bàbá ní kí yìnyín bọ́ sí yẹn, ta ni ó kọ́ ọ? Ìjọba amúnisìn ni, wọ́n ṣí i ní 1929, àwọn òpó gàgàrà rẹ̀ sì dà bí ti ilé àwọn ará Róòmù àtijọ́. Kí ni àwọn obìnrin aláàdìrẹ wá ṣe? Wọ́n mú òpó Máàpó, wọ́n fi ẹ̀kọ yà á sórí aṣọ, wọ́n fi ṣíbí sí àárín òpó kan àti èkejì, wọ́n rẹ ẹ́ sínú aró, wọ́n sì pe orúkọ rẹ̀ ní Ìbàdàn Dùn. Aṣọ funfun tí wọ́n ya á sí fúnra rẹ̀, ọkọ̀ òkun ni ó kó o wá. Lónìí, bí ẹ bá fẹ́ fi àdìrẹ tí ó jẹ́ ti Ìbàdàn pọ́ńbélé han àlejò, Ìbàdàn Dùn ni ẹ ó mú jáde. Bí àwọn ìyá wọ̀nyẹn ti ń ṣe nìyẹn: wọ́n gba ohun tí ó wúlò, wọ́n fún un ní orúkọ, ó sì di tiwọn. Orúkọ tí àwọn ọmọ wọn fún súwẹ́tà ni aṣọ òtútù. Wọn kò fi irun àgùntàn tàbí òógùn pè é. Iṣẹ́ tí ó ń ṣe ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti fi agboòrùn sọ ohun tí ó ń gba oòrùn. Ohun tí a bá ti sọ lórúkọ báyìí ti di ọmọ ilé.

N kò ní purọ́ fún yín, ọ̀nà kan wà tí súwẹ́tà fi ń kọ mí lóminú. Púpọ̀ nínú èyí tí ó wà ní ọjà jẹ́ òkìríkà, àlòkù tí a kó wá nínú ìdì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aṣọ àlòkù wà nínú àwọn ọjà tí Kọ́sítọ́ọ̀mù ilẹ̀ Nàìjíríà kà léèwọ̀ láti kó wọlé. Ìyá tí kò ní owó kò ní ṣe méjì, n kò sì ní dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ní àdúgbò wa, àwọn obìnrin kan wà tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ híhun, tàbí ọ̀pá méjì àti òwú, hun súwẹ́tà àwọn ọmọ ilé ìwé àti ti ọmọ tuntun. Lójú mi, àwọn ni àrólé àwọn ìyá oníkíjìpá. Híhun ni iṣẹ́ wọn, òwú ni ohun èlò wọn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbèjà àṣà, kí ó lọ fi owó rẹ̀ ra ọjà wọn.

Ó ku ọ̀rọ̀ àwọn tí wọ́n ń sọ pé ara ọmọ Ìbàdàn le. Mo bẹ̀ yín, ara ta ni? Ẹ lọ sí ibi ìsọmọlórúkọ èyíkéyìí láti Bẹ́ẹ̀rẹ̀ títí dé Ọjà'ba. Kí ni ọmọ ọjọ́ mẹ́jọ wọ̀ nígbà tí wọ́n gbé e jáde? Súwẹ́tà funfun, fìlà híhun àti ìbọ̀sẹ̀! Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń fi súwẹ́tà ṣe yẹ̀yẹ́ gbọ́ orúkọ ara wọn fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú súwẹ́tà. Ẹ wo àwọn ọlọ́kadà ní Bẹ́ẹ̀rẹ̀ ní aago 6 òwúrọ̀, bí wọ́n ti di ara wọn bí ẹrù. Ẹ wo ìyá alákàrà tí iná wà níwájú rẹ̀ tí súwẹ́tà sì wà ní ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́ kì í bá òtútù jiyàn. Àwọn tí wọ́n jókòó ti iná ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ara líle.

Ara àwọn kan kò sì le, kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Fòníkú-fọ̀ladìde ni orúkọ tí Yorùbá fún àìsàn yìí, nítorí pé ẹni tí ó ní i a máa dà bí ẹni tí yóò kú lónìí, a sì tún dìde lọ́la. Àwọn baba wa ti mọ ìrìn rẹ̀ kí James Herrick tó kọ nípa irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Chicago ní 1910. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ sì gbà pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a pè ní àbíkú láyé àtijọ́, òun ni ó pa wọ́n. Àwọn oníṣègùn fojú bù ú pé nǹkan bí ọmọ 150,000 ni a ń bí pẹ̀lú rẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dọọdún. Nínú ara wọn, ẹyin ẹ̀jẹ̀ pupa tí ó yẹ kí ó rí róbótó a máa tẹ̀ bí dòjé, a sì máa le. Bí òtútù bá mú ara, àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ kéékèèké a súnkì, ẹ̀jẹ̀ a máa falẹ̀, àwọn ẹyin dòjé wọ̀nyí a sì há sí ojú ọ̀nà. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé, ìrora ni yóò dé ibẹ̀. Ọyẹ́ tún ń fa omi kúrò lára, ìyẹn náà sì ń mú kí àwọn ẹyin náà tètè tẹ̀. Ìdí nìyẹn tí oníṣègùn fi máa ń sọ fún àwọn òbí pé kí ọmọ máa mu omi dáadáa, kí wọ́n má sì jẹ́ kí òtútù mú un. Fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, súwẹ́tà kì í ṣe oge. Ó wà nínú oògùn rẹ̀.

Nítorí náà ni mo fi ń bẹ àwọn ọ̀gá ilé ìwé: láti oṣù Bélú títí di oṣù Èrèlé, ẹ jẹ́ kí ọmọ tí òtútù ń mú wọ súwẹ́tà tí ó bá ní, ìbáà pupa, ìbáà ní àmì lára. Ọmọ tí ń gbọ̀n kò lè gbọ́ ohun tí ẹ ń kọ́ ọ. Ẹ kò sì lè mọ èyí tí ó ní fòníkú-fọ̀ladìde nípa wíwo ojú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn ni ìyá wọn ti kìlọ̀ fún pé kí wọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Mo sì fẹ́ jẹ́wọ́ pé mo fẹ́ràn súwẹ́tà fún ara rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìsàlẹ̀ àpótí ìyá mi ni tèmi máa ń wà pẹ̀lú káfúrà láti oṣù Ẹrẹ́nà títí di Ọ̀pẹ. Òórùn káfúrà yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ọdún Kérésì ti súnmọ́ tòsí. Ó máa ń nà bí mo bá na apá, ó sì máa ń tẹ̀ lé mi bí mo bá sáré. Kíjìpá kò lè ṣe èyí: bí o bá fi ọwọ́ kan di ìbora mú, ọwọ́ kan ni ó kù ọ́ láti fi jẹ àkàrà. Bí oòrùn bá sì mú, a ó bọ́ súwẹ́tà, a ó so apá rẹ̀ mọ́ ìbàdí, a ó máa gbá bọ́ọ̀lù wa lọ.

Nígbà tí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti ilé ìwòsàn dé, mo mú un lọ sí Ọjà'ba lọ́dọ̀ ìyá kan tí ó ń hun súwẹ́tà. A ra ọ̀kan tí àwọ̀ rẹ̀ bá ti ilé ìwé mu, kí ẹnu olùkọ́ lè pa. Ìyá náà wọn apá ọmọ, ó ní kí a ra èyí tí ó tóbi díẹ̀ nítorí ọyẹ́ ọdún tí ń bọ̀, ó sì fi fìlà híhun kan ṣe ènì. Nígbà tí a dé ilé, Bàbá Àgbà ní kí ọmọ súnmọ́ òun. Ó fi àtàǹpàkò àti ìka kan tẹ aṣọ náà wò, bí ẹni ń yẹ òfì wò ní Òjé.

“Ó nípọn,” ni bàbá wí. “Ṣùgbọ́n kò tó kíjìpá.”

Mo ní, “Ẹ yá a ní tiyín nígbà náà, Bàbá.”

Bàbá rẹ́rìn-ín, ó sì fa etí fìlà rẹ̀ wálẹ̀.